Pípamọ adìẹ nílé, lẹ́rọ àti lábẹ́ àgbébọ̀: Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ jọ

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ò yéé wá síbí: ẹyin wọ ẹ̀rọ, ọjọ́ 21 pé, ìdajì ò jáde. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní Benin) ka ìlànà, ó bu omi sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ka ìlànà kan náà nínú ọyẹ́, ó bu omi tó dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Àwọn méjèèjì pàdánù ọmọ, ohun tó pa ti ọ̀tún kọ́ ló sì pa ti òsì. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí kálukú mọ̀ dájú jọ, láti ìgbà tí a bá ti ń ṣa ẹyin títí dé ìgbà tí òròmọdìẹ máa gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, iye gidi ni kí ẹ máa sọ. "Omi díẹ̀" kò yé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú.

Ìyá Ẹlẹ́yin (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ̀rọ kò lè tún ẹyin tó ti bàjẹ́ ṣe, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹyin. Èyí tí wọ́n ń tà ní kíréètì kíréètì ní ọjà Ouando kò wúlò fún iṣẹ́ yìí: adìẹ àgírìkì tó yé e kò fojú kan àkùkọ rí. Àkùkọ kan sí abo 8 sí 10 ló tọ́. Tí àkùkọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ dúró ọjọ́ 7 sí 10 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ àkùkọ tuntun nìkan lẹ fẹ́, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ 3, nítorí àtọ̀ àkùkọ ń gbé nínú abo tó ọ̀sẹ̀ 2, ìgbà mìíràn ó ń lé díẹ̀.

Ẹyin tó tóbi jù tàbí tó kéré jù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó gùn gbọọrọ, èyí tó rí roboto bí ọsàn, èyí tó sán, èyí tí èèpo rẹ̀ rí ṣákiṣàki: inú ọbẹ̀ ni tiwọn. Ẹ má fọ ẹyin. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lára èèpo tó dí àwọn ihò wínníwínní ara rẹ̀ kí àrùn má bàa wọlé, omi á sì ṣí i kúrò. Tí ó bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi kànìnkànìn gbígbẹ nù ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìtọ́jú ẹyin kó tó wọ ẹ̀rọ. Ooru 15 sí 18 (ìwọ̀n Celsius ni gbogbo ooru tí a ń sọ níbí) ló dára jù fún un, ilé wa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Tí yàrá bá ti kọjá 25, ọmọ inú ẹyin ti ń jí díẹ̀díẹ̀: ooru náà kò tó kó dàgbà, kò sì jẹ́ kó sùn, bẹ́ẹ̀ láá ṣe kú kó tó dé inú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọjọ́ 7 ni òpin níbí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ọjọ́ 4 tàbí 5. Ìkòkò amọ̀ tí a rì dé ọrùn sínú iyanrìn tútù, tí a fi aṣọ bò lẹ́nu, máa ń ran ni lọ́wọ́. Kì í ṣe fíríìjì o. Ẹ to ẹyin kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí ìdí tó gbòòrò wà lókè.

Ẹyin tó bá gun zémìjàn (ọ̀kadà) láti Kétu gba Pọ́bẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ ti mì púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún wákàtí 12, ó sàn kó tó 24, kí ẹ tó gbé e sínú ooru.

Atúnnáṣe (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní couveuse kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Àpótí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń kó ẹja yìnyín, tó tó lítà 50 sí 60, á gba ẹyin ìbílẹ̀ 40. Ohun tó ń lọ sínú rẹ̀: gílóòbù 2 tó jẹ́ wáàtì 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fáànù kọ̀ǹpútà volt 12, ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ (thermostat), àti wáyà pẹlẹbẹ tí ẹyin máa dùbúlẹ̀ lé. Gílóòbù olókùn àtijọ́ ni o. LED kì í mú ooru tó pọ̀ wá. Ìdí tí mo fi ní 2 ni pé tí ọ̀kan bá jó lóru, èkejì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi agolo tómátì tí ẹ lu ihò sí yí gílóòbù ká, kí òròmọdìẹ má bàa fara kàn án.

Ihò afẹ́fẹ́: 4 nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, 4 lókè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5. Fáànù kò gbọdọ̀ máa fẹ́ sí ẹyin tààrà. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gílóòbù kí ooru lè yí po. Ẹ so ẹnu wáyà tó ń mọ ooru sí ibi tó bá ẹyin dọ́gba, kó jìnnà sí gílóòbù.

Thermostat méjì ló wọ́pọ̀. STC-1000: ojú 1 àti 2 ni iná ń gbà wọlé, 3 àti 4 jẹ́ ti wáyà tó ń mọ ooru, 5 àti 6 ni a máa so gílóòbù mọ́, nítorí 7 àti 8 jẹ́ ti amúnitutù. F1 (ooru tí a fẹ́) jẹ́ 37.6, F2 (iye tí ooru máa fi wálẹ̀ kí iná tó tún tàn) jẹ́ 0.3. W1209 kéré sí i, volt 12 ló ń lò. Ẹ wá P1 nínú rẹ̀, tí wọ́n sábà ń gbé jáde ní 2, kí ẹ dín in kù sí 0.2. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 2, ooru á máa rìn láti 37.6 wá sí 35.6 kí iná tó tún tàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ pé kò dára, P1 yìí nìkan ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ má gbà á gbọ́ pé 37.6 tó ń kọ lójú rẹ̀ jẹ́ 37.6. Ẹ ra tẹmọ́mítà tí wọ́n fi ń wo ibà ní ilé òògùn, ẹ tì í bọnú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ẹnu wáyà tó ń mọ ooru, kí àwọn méjèèjì fara kanra. Tí ti ibà bá sọ 37.5 tí ẹ̀rọ sọ 38.3, ẹ̀rọ ń fi 0.8 lé e. Nínú STC-1000, F4 lẹ máa fi tún un ṣe.

Ẹ̀rọ tí kò ní fáànù ńkọ́? Ooru 38.5 ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní orí ẹyin gan-an, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ooru ń gòkè, sẹ̀ǹtímítà 5 péré lè mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ tan án lófìfo fún wákàtí 24 sí 48 kí ẹyin tó wọlé.

Ọ̀dọ́ Ṣakété

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Yàrá onípáànù ni ẹ̀rọ mi wà. Lọ́sàn-án, gílóòbù á ti kú, ooru ṣì ń gòkè dé 39. Kí ni ká ṣe?

Atúnnáṣe (Àjàṣẹ́)

Thermostat mọ bí wọ́n ti ń pa iná, kò mọ bí wọ́n ti ń múni tutù. Tí yàrá fúnra rẹ̀ bá dé 38 ní oṣù kejì sí ìkẹta, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ẹ gbé e lọ sí yàrá onígìrì amọ̀ tàbí èyí tó ní àjà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí oòrùn kì í gba ojú fèrèsé dé. Tó bá ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó gbé e, ẹ ṣí ọmọrí díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù bo ìta àpótí. Ẹ yára o, nítorí wákàtí mélòó kan lókè 40 ti tó láti pa ọ̀pọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

Òtútù kì í tètè pa wọ́n bí ooru. Tí iná bá lọ fún wákàtí 2 tàbí 3, ohun tí ẹ máa rí ni pé ọmọ á pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ẹ di ihò òkè, ẹ fi aṣọ nípọn bo àpótí, ẹ má ṣí i láti máa yọjú wò. Ìgò omi lítà 1.5 méjì tó máa ń wà nínú àpótí ní gbogbo ìgbà ń mú kí ooru má tètè já. Tó bá lé ní wákàtí 3, ẹ yọ wọ́n, ẹ da omi gbígbóná sí wọn, ẹ fi aṣọ wé wọn kí ẹ tó dá wọn padà, kí wọ́n má bàa fara kan ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ 16, ẹ má di gbogbo ihò: ọmọ ti ń mí gidi, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń mú ooru wá.

Àwọn ará oko tí iná kò dé: gílóòbù wáàtì 40 tó ń tàn ní ìdajì àkókò ń jẹ nǹkan bí 480 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì volt 12 tó jẹ́ 100 Ah àti páńẹ́lì oòrùn wáàtì 200 ló lè gbé e láìṣàárẹ̀ nínú òjò.

Olùkọ́ Ọ̀sìn (Àjàṣẹ́)

Omi ni mo fẹ́ ká dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ti yapa. Ẹyin gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gba ara èèpo jáde ni àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, inú àlàfo yẹn sì ni òròmọdìẹ máa ti kọ́kọ́ mí ní nǹkan bí ọjọ́ 19 tàbí 20. Tí ẹyin kò bá gbẹ tó, àlàfo á kéré, ọmọ á wú, kò ní ráyè yí ara padà, omi á sì bò ó nímú. Tó bá gbẹ jù, awọ inú èèpo á le, á lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, á dè é mọ́ ojú kan.

Wàyí o, afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ nínú òjò, ká ní ooru 27 pẹ̀lú ọ̀rinrin 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá mú afẹ́fẹ́ yẹn gbóná dé 37.6, ọ̀rinrin rẹ̀ á wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 44, láìsí ẹ̀kán omi kan nínú àpótí. Ohun tí ẹyin ń fẹ́ láti ọjọ́ 1 dé 18 sì jẹ́ 45 sí 55. Ẹ rí i pé láti oṣù kẹrin dé ìkeje, àti láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ẹni tó bá bu omi kún àwo méjì ní ìlú wa ń ri ọmọ sínú omi ni. Ife kéékèèké kan ti tó, ìgbà mìíràn kò yẹ ká fi rárá.

Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ọyẹ́ wá ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ ooru 30, ọ̀rinrin 20, tó bá dé 37.6, 13 ló kù. Àwo kan kò tó níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹyin fúnra rẹ̀ sọ fún yín. Láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 18, ó gbọ́dọ̀ pàdánù 11 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú ẹyin 10, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí wọn, ẹ wọ̀n wọ́n pa pọ̀ lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ká ní 400 gíráàmù ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n wọlé, 381 ló yẹ kí ẹ bá ní ọjọ́ 7, 363 ní ọjọ́ 14, 352 ní ọjọ́ 18. Tí ẹ bá bá 390 ní ọjọ́ 7, ẹ gbé omi kúrò, ẹ ṣí ihò sí i. Tí ẹ bá bá 372, ẹ fi àwo kún un. Kò sí ẹ̀rọ tó lè tan òṣùwọ̀n yìí jẹ.

Ẹ tún rántí pé fífẹ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ tí omi inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 sàn ju ife gíga tó kún lọ.

Alágò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Ní tiwa níbí, láti oṣù kejìlá dé ìkejì, àwo pẹlẹbẹ 2 tó gba ìdajì ilẹ̀ àpótí, pẹ̀lú aṣọ ìnura tí ìdí rẹ̀ wọ inú omi tí orí rẹ̀ sì dúró lókè, ló ń gbé ọ̀rinrin dé 45. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ká máa fi kún un, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Tútù á fa ooru wálẹ̀.

Ẹ̀rọ wíwọn ọ̀rinrin tó pọ́ọ́kú máa ń parọ́. Ẹ bu iyọ̀ ìdáná sínú ìdérí ìgò, ẹ fi omi rin ín títí á fi dà bí iyanrìn tútù, kó má ṣàn. Ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ yẹn sínú ọ̀rá tí ẹ so pinpin fún wákàtí 12. 75 ló yẹ kó kà. Tó bá ka 68, ẹ máa fi 7 kún un títí ayé rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ṣakété

Ẹ̀ẹ̀melòó ni ká máa yí ẹyin padà lójúmọ́?

Ìyá Ẹlẹ́yin (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dáa. Kí iye náà má ṣe pín sí méjì dọ́gba, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè mọ́jú lónìí má jẹ́ òun náà lọ́la. Fi pẹ́ńsùlù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan, O sí èkejì. Tí o bá yí i sọ́tùn-ún ní àárọ̀, yí i sósì ní ọ̀sán, má yí i po lójú kan náà. Láìyí i, pupa ẹyin á léfòó, ọmọ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ní ọjọ́ 18, ó tán, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọwọ́ tí a fọ̀ ni ká fi dì í mú; òróró ọwọ́ ń dí ihò ara èèpo.

Olùkọ́ Ọ̀sìn (Àjàṣẹ́)

Ẹ fi iná fóònù yẹ ẹyin wò nínú òkùnkùn ní ọjọ́ 7: ẹ gé ihò tó kéré ju ẹyin lọ sí páálí, ẹ gbé ìdí tó gbòòrò lé e. Iṣan pupa tó nà káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn pẹ̀lú àmì dúdú kan láàárín: ó yè. Tó bá mọ́ gaara: àkùkọ kò bá a pàdé, tàbí ó kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òrùka ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ẹsẹ̀: ó ti kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ méjì ìkẹyìn yìí. Ní ọjọ́ 14, ẹyin tó yè á ṣókùnkùn bí ìlàjì sí mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èyí tó bá ń làágùn tàbí tó ń rùn, ẹ fi ṣíbí gbé e jáde jẹ́jẹ́: ẹyin òbu lè bú, kó sì fi àrùn kun gbogbo àwọn tó yí i ká.

Ọjọ́ 18 sí 21, ẹ gbé ọ̀rinrin lọ sí 65 sí 75, ẹ ṣí gbogbo ihò, ẹ tẹ́ aṣọ tó ní ojú ṣákiṣàki sórí wáyà. Orí ìwé ìròyìn tó ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ òròmọdìẹ ti ń ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti lu èèpo títí tó fi máa gé e yí po, wákàtí 12 sí 24 ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe. Ó ń fa ìyókù pupa ẹyin wọ inú ikùn gba ìdodo, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan ara èèpo sì ń padà sí i lára. Ẹni tó bá bó èèpo fún un lásìkò yìí á rí ẹ̀jẹ̀, ọmọ náà á sì kú. Tí ẹ bá sì ṣí ìlẹ̀kùn wò, ọ̀rinrin á já wálẹ̀, awọ àwọn tó kù á gbẹ mọ́ wọn lára. Pupa tó wà nínú ikùn wọn á bọ́ wọn fún wákàtí 48 sí 72, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ níbẹ̀.

Ẹyin tí kò bá jáde ní ọjọ́ 23, ẹ fọ́ ọ níta, ẹ wò ó. Òun ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kú ní ọjọ́ 1 sí 4: ẹyin pẹ́ nílẹ̀ jù, ó mì jù, tàbí ooru ṣe ségesège. Ọ̀pọ̀ kú ní àárín: ẹ wo oúnjẹ ìyá wọn, adìẹ tó ń jẹ àgbàdo nìkan kì í ní èròjà tó fún ẹyin, ẹ fún un ní ewé tútù, ẹja gbígbẹ lílọ̀, èèpo ìgbín tí a gún. Kú ní ọjọ́ 18 sí 21 pẹ̀lú omi lára: ọ̀rinrin pọ̀ jù. Ó lẹ̀ mọ́ awọ gbígbẹ: ó kéré jù. Jáde ní ọjọ́ 19 tàbí 20 pẹ̀lú ìdodo tó ń ṣẹ̀jẹ̀: ooru ga. Jáde ní ọjọ́ 22 tàbí 23 pẹ̀lú ikùn ńlá rírọ̀: ooru kéré.

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ẹ ṣé gan-an ni, Olùkọ́. Bàbá Alágò, ti àgbébọ̀ kù sí yín lọ́wọ́ o.

Alágò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Adìẹ ìbílẹ̀ wa ni ẹ̀rọ tí kì í béèrè iná. Ó mọ ooru, ó mọ ọ̀rinrin, ó ń yí ẹyin padà fúnra rẹ̀. Ìpalẹ̀mọ́ nìkan ni tiwa, ibẹ̀ sì ni a ti máa ń jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti sàba lóòótọ́. Ẹ lọ wò ó ní alẹ́. Èyí tó ń yé lásán á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sùn. Èyí tó sàba á sun orí ẹyin ní òru 2 sí 3 léraléra. Tí ẹ bá nawọ́ sí i, á wú ìyẹ́, á máa kùn, á fi ẹnu sọ ọwọ́ yín, kò sì ní dìde. Abẹ́ àyà rẹ̀ á ti pá. Ní àkókò yìí, ẹyin irọ́ tàbí ẹyin tí ẹ kò nílò ni kó wà lábẹ́ rẹ̀; ẹ kó èyí tí ẹ fẹ́ pa fún un lóru, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìtẹ́: ìkòkò amọ̀ ẹlẹ́nu gbòòrò, kódà èyí tó ti fọ́ lẹ́nu, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i, kó nípọn tó 5 sí 7, ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ bí abọ́, ẹ wá fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Ẹyin á máa yí wá sí àárín, òtútù ilẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ po eérú gbígbẹ ìkúnwọ́ 2 àti ewé dóńgóyárò tó ti gbẹ mọ́ koríko. Iná adìẹ (kòkòrò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀) ni ọ̀tá tó burú jù: ó ń pọ̀ sí i nínú ooru ìtẹ́, ní ọjọ́ 14 tàbí 15, adìẹ kò ní lè fara dà á mọ́, á fi ẹyin sílẹ̀, wọ́n á sì ní adìẹ yẹn ya aláìbìkítà. Ẹ fi eérú pa á lára kó tó jókòó, abẹ́ ìyẹ́ àti ìdí. Ẹ tún ṣe é ní ọjọ́ 10. Ẹ wa ihò eérú kan sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kó lè máa yíràá.

Ẹyin mélòó? Ti ìbílẹ̀, 10 sí 12. Ẹyin ńlá, 7 tàbí 8. Nínú ọyẹ́, ẹ yọ 2. Tí ẹyin kan bá ń yọ síta lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ti pọ̀ jù, nítorí bó ṣe ń yí wọn padà, gbogbo wọn ni òtútù á mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èédú sàmì sí wọn yí po. Adìẹ mìíràn fẹ́ràn láti wá yé sí ìtẹ́ ẹni; tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jáde, ìyá á kó wọn lọ ní ọjọ́ kejì, á fi ẹyin tó pẹ́ wọlé sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láàyè nínú rẹ̀. Ẹyin tí kò ní àmì, ẹ máa mú un lójoojúmọ́ nígbà tó bá jáde lọ jẹun.

Ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 sí 30. Àgbàdo odindi ìkúnwọ́ kan àti omi kí wọ́n wà láàárín ìgbésẹ̀ 3 sí i. Tí kò bá jáde fún ọjọ́ 2, ẹ gbé e. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè, nítorí ẹyin máa ń há sí abíyá rẹ̀, á sì jábọ́.

Ejò, òkété, ìjàlọ. Àkọ́kọ́ méjì, ẹ fi wáyà ojú sẹ̀ǹtímítà 1 yí ìtẹ́ ká lóru. Ìjàlọ ló ń bà mí lẹ́rù jù: òórùn ọmọ tó ń jáde ń pè wọ́n wá, wọ́n á sì jẹ ọmọ tán nínú èèpo. Ẹ gbé ìtẹ́ sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ọmọ bá ti gbẹ, ẹ gbé ìtẹ́ wá sílẹ̀ kí wọ́n má bàa já.

Ọ̀dọ́ Ṣakété

Bàbá, wọ́n ní àrá ń pa ọmọ inú ẹyin, pé ká fi ìṣó sínú ìtẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Alágò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Àwọn ìyá wa ń fi ìṣó sí i, wọ́n sì rí nǹkan kan tòótọ́: lẹ́yìn ìjì, ẹyin ń bàjẹ́. Ariwo àrá kọ́ ló ń pa á. Òjò tó ń jò sí ìtẹ́ ló ń mú ẹyin tutù, ìyá tó sì bẹ̀rù lè kúrò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wo òrùlé orí ìtẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣó kò ṣe é ní ibi, òrùlé ló ń gbà á.

Olùkọ́ Ọ̀sìn (Àjàṣẹ́)

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ̀rọ àti adìẹ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹyin 40 wọ ẹ̀rọ ní òru kan náà tí ẹ gbé àgbébọ̀ 3 lé ẹyin 5 tàbí 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 21, nínú òkùnkùn, ẹ mú ọmọ inú ẹ̀rọ tó ti gbẹ, ẹ máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìyá. Ìyá kan lè gba 15, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó 18. Tí wọ́n bá ti lé ní ọjọ́ 3, yóò máa sọ wọ́n lẹ́nu. Báyìí, ẹ kò nílò èédú tàbí gílóòbù fún ìtọ́jú ọmọ, ìyá á sì kọ́ wọn bí wọ́n ti ń sá fún àṣá.

Ẹni tí kò ní ìyá adìẹ: ooru 33 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa yọ 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá gun ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá sí igun, tí wọ́n ya ẹnu, ooru ti pọ̀. Ìkòkò èédú kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a tì pa, èéfín tí a kò rí ń pa òròmọdìẹ àti ènìyàn pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yin (Àjàṣẹ́)

Omi kí ó ṣáájú oúnjẹ. Ṣíbí ṣúgà 2 sí lítà kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, nínú àwo pẹlẹbẹ tí ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí kí wọ́n má bàa rì. Ẹ ki ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àgbàdo tí a gún wẹ́wẹ́ nìkan kò tó fún wọn, ara kò ní dàgbà. Ẹni tó wà lóko lè kó ikán: ẹ fi pòpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ kún ìkòkò àtijọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ sórí ihò ikán ní ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sì bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ nípa òògùn àjẹsára lùkúlùkú (Newcastle) láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kán sójú, nítorí ọyẹ́ ni àrùn yẹn máa ń gbá agbo lọ.

Ẹ fọ ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo ìpamọ: ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn náà omi Javel (bleach) ìdá 1 sí omi ìdá 10, kí ó gbẹ nínú oòrùn.

Ọ̀dọ́ Ṣakété

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ọ̀kan: ṣé a lè gbé ẹyin awó àti ti adìẹ sí abẹ́ ìyá kan?

Alágò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Awó ń lo ọjọ́ 26 sí 28, pẹ́pẹ́yẹ lásán 28, èyí tí ojú rẹ̀ pupa ń lo 35. Kó ẹyin awó fún un ní òru àkọ́kọ́, kó ti adìẹ tẹ̀ lé e ní òru keje, kí gbogbo wọn lè jáde pọ̀.